Kí Ló Dé Tí Ẹnu Àwọn Òǹwòran Kò Fi Kò Lórí Friday the 13th?

Ní ọdún 1980, fíìmù kan jáde ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 550,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é. Ó pa owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù 40 dọ́là lórílẹ̀-èdè yẹn nìkan. Nígbà tí ọdún yí po, tí àwọn elẹ́fẹ̀ kan dá àmì ẹ̀sín Golden Raspberry sílẹ̀ fún fíìmù tó burú jù lọ lọ́dún, fíìmù yìí kan náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Friday the 13th ni. Láti ìgbà náà dòní, ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Ẹnì kan á wò ó tán, á ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó jókòó tì í á ní wọ́n fi wákàtí kan àti ààbọ̀ òun ṣòfò.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wo irú fíìmù yìí ni ọ̀rọ̀ náà ń rú lójú jù. Ó gbọ́ òkìkí fíìmù náà, ó lọ wo máàkì tí wọ́n fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé kò ga, kò sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó wá ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ, ó dà bíi pé fíìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Ìbéèrè tí kálukú ń dáhùn ló yàtọ̀. Ẹnì kan ń sọ bóyá ìtàn náà gún régé. Ẹlòmíràn ń sọ bóyá ẹ̀rù ba òun. Ẹ̀kẹta ń sọ bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí ọmọlúàbí fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe eré rárá. Ẹ̀kẹrin, ká má tan ara wa jẹ, kò sọ nípa fíìmù náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wò ó ló ń sọ. Tí ẹ bá ti lè mọ ìbéèrè tí ẹnì kan ń dáhùn, ìdàrúdàpọ̀ náà á dín kù gan-an.

Mo máa sọ ẹni tó ń pa àwọn ènìyàn inú fíìmù náà o. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó kọ́kọ́ lọ wò ó.

Irú fíìmù wo gan-an ni?

Slasher ni wọ́n ń pe fíìmù tí apànìyàn kan ti ń dọdẹ àwọn ọ̀dọ́ níbi tó dá, tó ń fi ọ̀bẹ, àáké tàbí àdá pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí á fi ku ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Kì í sábà ní iwin nínú, kò sí àjẹ́, kò sí ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Èyí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó tètè wọ àwọn tí fíìmù ilé wa tọ́ dàgbà lára. Ó ti mọ́ wa lára pé bí ikú bá ń já wọlé léraléra, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ babaláwo tàbí wòlíì, a ó sì gbọ́ ẹni tó wà nídìí ọ̀ràn. Nínú slasher, kò sí ẹni tí wọ́n lè lọ bi léèrè. Kìkì ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ní, òkùnkùn sì ti ṣú.

Friday the 13th kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alfred Hitchcock ti ṣe Psycho lọ́dún 1960, níbi tí wọ́n ti gún obìnrin tí gbogbo ènìyàn rò pé òun ló ni fíìmù lọ́bẹ pa nígbà tí eré kò tíì dé ìdajì. Ní 1974, àwọn ará Kánádà gbé Black Christmas jáde. Ọdún yẹn náà ni The Texas Chain Saw Massacre dé. Ṣùgbọ́n Halloween tí John Carpenter ṣe ní 1978 ló la ojú àwọn oníṣòwò. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò ju nǹkan bíi 325,000 dọ́là lọ, ó sì pa bíi mílíọ̀nù 47 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á mọ̀ pé kò sí òwò tó tó bẹ́ẹ̀.

Sean Cunningham, tó darí Friday the 13th, kò fi bò rí pé owó Halloween ló wọ òun lójú. Ní 1979, ó sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Variety, ó jẹ́ kí wọ́n ya orúkọ fíìmù náà gàdàgbà-gàdàgbà bíi pé ó ń fọ́ gíláàsì jáde, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé fíìmù tó bani lẹ́rù jù lọ láyé ń bọ̀. Wọn ò tíì ya ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀ nígbà náà. Orúkọ ló kọ́kọ́ tà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé fíìmù náà kò ní láárí, pé ẹ̀dà lásán ni, ẹ má bá a jiyàn. Àwọn tó ṣe é gan-an kò jiyàn. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé ṣé ẹ̀dà kò lè dùn ni.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Àgọ́ ọmọdé kan wà létí adágún Crystal Lake. (Àgọ́ àwọn ọmọ Síkáọ́ọ̀tù ní New Jersey, tí wọ́n ń pè ní No-Be-Bo-Sco, ni wọ́n ti yà á, ó ṣì wà níbẹ̀.) Ní 1957, ọmọdékùnrin kan rì sínú omi náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa alámòójútó méjì, wọ́n sì ti àgọ́ pa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve Christy ní òun fẹ́ tún un ṣí. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ pé kí wọ́n wá bá òun tún ibẹ̀ ṣe kí àwọn ọmọ tó dé. Ọ̀mùtí kan nínú ìlú ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, ó ń kìlọ̀ fún wọn pé ègún wà níbẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kú.

Áktọ̀ kú, bọ́ọ̀sì ò yọjú

Gbogbo ẹni tó bá ti wo fíìmù ní pálọ̀ aládùúgbò rí mọ ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè: ta ni áktọ̀, ta ni bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí ọ̀tá tí áktọ̀ ń bá jà? Ẹ sì mọ òfin tó so mọ́ ọn, pé áktọ̀ kì í kú. Ẹni tó bá di òfin yìí mú wọ inú Friday the 13th máa bínú kíákíá.

Annie ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá ní àsìkò tí ìtàn gan-an bẹ̀rẹ̀. Ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá ajá sọ̀rọ̀ lójú títì, ó ní òun máa dáná fún àwọn ọmọ àgọ́, òun sì fẹ́ràn ọmọdé. Èyíkéyìí nínú wa ló máa sọ pé ọmọ yìí ni áktọ̀. Ó wọ mọ́tò ẹni tó fẹ́ gbé e dé ibi tó ń lọ. A kò rí ojú awakọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dú u lọ́rùn nínú igbó. Àwọn yòókù nínú àgọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti dójú ọ̀nà. Ọgbọ́n Psycho ni, ó sì ṣiṣẹ́ lára àwọn kan: láti ìgbà yẹn lọ wọn ò fọkàn tán fíìmù náà mọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Àwọn mìíràn ní ìwà ìkà ni, ẹ ò lè jẹ́ ká fẹ́ràn ènìyàn tán kẹ́ ẹ wá pa á bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Ẹnì kan gbà kí fíìmù tan òun, ẹnì kejì kò gbà.

Ti bọ́ọ̀sì tún wá le ju ìyẹn lọ. Fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ọwọ́ apànìyàn nìkan la ń rí, tàbí bàtà rẹ̀, tàbí kí kámẹ́rà di ojú rẹ̀, ká máa fi ojú rẹ̀ wo àwọn ọ̀dọ́ náà láti ẹ̀yìn igi. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á ti máa ka orúkọ: ṣé Steve ni, ṣé ọ̀mùtí yẹn ni, ṣé ọlọ́pàá ni? Kò sí èyí tó máa bá a mu láé, nítorí pé ẹni tó ń pa wọ́n kò tíì yọjú rárá. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí fíìmù parí ni obìnrin àgbàlagbà kan sọ̀kalẹ̀ látinú jíìpù, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn, ó ní Voorhees lorúkọ òun, ọ̀rẹ́ ìdílé Christy ni òun. Ó di Alice, ọmọbìnrin tó kù, mọ́ra. Ìgbà tó yá ló wá ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó rì nítorí pé àwọn alámòójútó tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ wà níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sùn. Jason ni ọmọ náà ń jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni.

Àwọn tó ń fi òfin ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dá ẹjọ́ ní ìrẹ́jẹ pátápátá ni, wọn ò sì jayò pa. Ẹni tí ẹ kò fi hàn mí, báwo ni kí n ṣe fura sí i? Èmi náà gbà pé ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ náà gbé nǹkan wá tí kò sí nínú Halloween. Michael Myers ti Halloween kò ní ìdí kankan tó fi ń pa ènìyàn. Obìnrin yìí ní. Ìbànújẹ́ ìyá tó dorí kodò ni, bí ẹ bá sì gbọ́ ọ tó yí ohùn padà sí ti ọmọdé, tó ń dá ara rẹ̀ láṣẹ ní ohùn Jason pé kí ìyá òun pa á, ẹ máa rí i pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Victor Miller tó kọ ìtàn náà ló mú ọ̀rọ̀ ìyá yìí wá, lójú tèmi, òun ló sì ra fíìmù náà padà.

Betsy Palmer ló ṣe ìyá náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn ti mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n láti bí ogún ọdún ṣáájú, lórí ètò àárọ̀ àti ètò eré ìbéèrè, obìnrin tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fún wọn, ó dà bí ìgbà tí àǹtí tó ń pa àlọ́ fún ọmọdé lórí rédíò láràárọ̀ bá já wọlé pẹ̀lú àdá. Ẹni tó ń wò ó lónìí kò mọ̀ ọ́n rí, ó kàn rí ìyá àgbà kan tó ń la ojú gbòlò. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé ó ṣe àṣejù, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé òun ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo wọn. Àwọn Golden Raspberry dárúkọ òun náà. Obìnrin náà kò kúkú fi ọ̀rọ̀ bò: ó sọ ọ́ ní gbangba pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, òun nílò owó láti ra tuntun, bí òun ṣe ka ìwé eré náà tán ni òun mọ̀ pé kò dára, pé kò sí ẹni tó máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ Jason náà tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ayé mọ ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó fi ìbòjú funfun ti àwọn agbábọ́ọ̀lù orí yìnyín bojú. Àwòrán rẹ̀ wà lára aṣọ, ó wà lára ìpolówó eré kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ tó bá wá lọ wo fíìmù àkọ́kọ́ nítorí rẹ̀ máa wò ó dópin kó tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Apá kejì ní 1981 ni Jason àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn, àpò aṣọ ló sì fi bo orí. Apá kẹta ní 1982 ló rí ìbòjú yẹn. Nínú ti 1980, ọmọdé tó jáde lójijì látinú omi ní ìparí nìkan ni, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àlá. Scream ti 1996 tilẹ̀ fi èyí ṣe pańpẹ́: wọ́n bi ọmọbìnrin kan lórí fóònù pé ta ni apànìyàn inú Friday the 13th, ó ní Jason, wọ́n sì pa ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nítorí ìdáhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú máàkì kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń fún fíìmù yìí, ìdí rẹ̀ kò ju pé ohun tí wọ́n wá rà kò sí lórí àtẹ.

Ìbínú àwọn lámèyítọ́

Ọ̀rọ̀ tó le jù tí wọ́n sọ sí fíìmù yìí, ọ̀rọ̀ ìwà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gene Siskel, lámèyítọ́ Chicago Tribune, bínú débi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tú àṣírí apànìyàn náà fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ohun tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ lọ sanwó. Ó tún ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ìbínú sí Charles Bluhdorn, ọ̀gá Gulf+Western tó ni Paramount, ilé iṣẹ́ tó gbé fíìmù náà jáde. Òun àti Roger Ebert, lámèyítọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tún fi odidi ètò tẹlifíṣọ̀n kan lọ́dún yẹn bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn fíìmù tó ń fi obìnrin ṣe ẹran ọdẹ. Ebert ló tún fún irú fíìmù yìí lórúkọ yẹ̀yẹ́, ó ń pè wọ́n ní fíìmù òkú ọ̀dọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ eléyìí? Fíìmù tó burú jù ú lọ ti wà ṣáájú. Àmọ́ sinimá kéékèèké àti pápá tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó sínú mọ́tò wo fíìmù ni wọ́n ti ń fi wọ́n hàn, láti ìlú kan sí ìkejì, tí àwọn tó lórúkọ kì í yà síbẹ̀. Paramount, ilé iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, ra Friday the 13th ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, 1980, wọ́n gbé e sí sinimá tó lé ní 1,000 káàkiri Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìpolówó rẹ̀ sì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ ti dé àárín ọjà, ẹni iyì ló sì gbé e wá. Ìyẹn ló dun Siskel. Kì í ṣe pé ó kórìíra gbogbo slasher: òun àti Ebert yin Halloween, wọ́n sì fi í ṣe àpẹẹrẹ èyí tó dára nínú ètò yẹn kan náà.

Ẹ̀sùn wọn ni pé nígbà tí kámẹ́rà bá di ojú apànìyàn, òǹwòran náà ti di apànìyàn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà. Carol Clover, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì California ní Berkeley, wá dáhùn ọ̀rọ̀ yìí ní 1987. Ó ní ẹ wo ẹni tí àwọn ènìyàn ń hó fún ní sinimá nígbà tí fíìmù bá ń parí: ọmọbìnrin tó kù ni, tó ń sá, tó ń jà, tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Pé kódà àwọn ọmọkùnrin tó kún sinimá ń bẹ̀rù pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń jà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Final Girl, orúkọ tí gbogbo olólùfẹ́ slasher ń pe ọmọbìnrin náà lónìí, ti wá. Mo rò pé àwọn méjèèjì ló rí òótọ́. Ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́rìí sí Siskel, ìparí rẹ̀ jẹ́rìí sí Clover.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí mo rò pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù: pé fíìmù náà ń wàásù, pé ẹni tó bá ti bá ẹnì kan sùn gbọ́dọ̀ kú. Ó bá ìdí tí ìyá náà ń sọ mu, lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ka òkú inú rẹ̀. Brenda kò bá ẹnikẹ́ni sùn, ó kú. Ned, aláwàdà wọn, kò rí ẹni bá sùn, ó kú. Alice tó yè náà wà níbi tí wọ́n ti ń ta Monopoly tí ẹni tó bá pàdánù ń bọ́ aṣọ. Ìjì tó já ilẹ̀kùn ṣí ló tú wọn ká. Ẹni tó ń wá ìwàásù níbẹ̀ máa rí ìwàásù tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀sùn tí n kò lè gbèjà ni ti ejò. Ejò kan wọ yàrá, àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi àdá bẹ́ ẹ. Ejò gidi ni, wọ́n sì pa á lóòótọ́ níwájú kámẹ́rà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìdí tí wọ́n fi fún fíìmù yìí ní máàkì tó kéré jù nìyẹn, wọn ò sì rò ó sí ìtàn tàbí ìdẹ́rùbà rárá.

Ọwọ́ Tom Savini

Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yìí jù, ẹ gbọ́ wọn dáadáa, wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ ìtàn. Wọ́n á ní ẹ wo ikú Jack. Savini ni wọ́n ń yìn, ẹni tó ṣe ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Ó ti jẹ́ ayàwòrán ológun nínú ogun Vietnam, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí Dawn of the Dead ní 1978.

Kevin Bacon, tí kò tíì lókìkí nígbà náà, ló ṣe Jack. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa sìgá. Ọwọ́ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di orí rẹ̀ mú, ọfà sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde díẹ̀díẹ̀ ní iwájú ọ̀fun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé: Bacon kò dùbúlẹ̀ rárá. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ orí nìkan sókè láti inú ihò tí wọ́n gé, wọ́n wá so ọrùn àti àyà ayédèrú mọ́ ọn kó dà bíi pé ara rẹ̀ ló nà síbẹ̀. Ẹnì kan ń ti ọfà láti ìsàlẹ̀, pọ́ǹpù sì yẹ kó máa tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ń yà á lọ́wọ́, rọ́bà pọ́ǹpù náà já. Wọn ò ní ọrùn mìíràn nílẹ̀. Taso Stavrakis, igbákejì Savini, kàn mú rọ́bà náà, ó fi í sẹ́nu, ó sì fẹ́ ẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rú jáde pẹ̀lú hóró afẹ́fẹ́ nínú fíìmù yẹn, èémí Stavrakis ni. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ èyí tán tí ẹ ò ní padà lọ wò ó.

Stavrakis yìí náà ló wọ súwẹ́tà ìyá Jason nígbà tí Alice fi àdá bẹ́ ẹ lórí. Ẹ wo ọwọ́ méjèèjì tó nà sókè: irun kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn fíìmù náà á ní ẹ ò rí i bí wọn ò ṣe bìkítà. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á dá fíìmù dúró síbẹ̀ láti fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àìlówó lọ́wọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Orin rẹ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Harry Manfredini pinnu pé orin ẹ̀rù kò ní dún àfi tí apànìyàn bá wà nítòsí lóòótọ́. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń dẹ́rù ba ara wọn ṣeré, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ariwo ẹnu tó ń lọ kí-kí-kí, má-má-má yẹn, ó mú un láti inú gbólóhùn tí ìyá náà ń fi ohùn ọmọ rẹ̀ sọ pé kí màmá pa á, ó sọ ọ́ sínú makirofóònù, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbé ìró rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ ọdún àti ọ̀rọ̀ máàkì

Ibi tó ti ń sú ọ̀pọ̀ àwọn òǹwòran tuntun ni àárín rẹ̀, n kò sì bá wọn wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Kí ìparí tó dé, Alice dá wà nínú ilé, ó gbé omi kaná, ó dúró kó hó, ó po kọfí. A wo gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1980, nínú sinimá tó kún dẹ́nu, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń fún àwọn ènìyàn lọ́rùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì máa rí obìnrin kan tó ń po kọfí. Ẹ tún fi ti kásẹ́ẹ̀tì fídíò kún un: ọ̀pọ̀ àwọn tó wò ó láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tó ti dúdú ni wọ́n rí. Òru ló pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Àwọn kan kórìíra ohun tí wọn ò fojú rí dáadáa rí.

Máàkì orí íntánẹ́ẹ̀tì wá da gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀. Lórí IMDb, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òǹwòran ti ń fún fíìmù ní máàkì, ó ju 6 lọ díẹ̀ nínú 10. Ẹni tó bá rí i á rò pé gbogbo ènìyàn gbà pé ó wà láàárín. Rárá o. Mẹ́sàn-án ti olólùfẹ́ Savini àti mẹ́ta ti ẹni tó ń wá Jason ni wọ́n pàdé láàárín. Ti Rotten Tomatoes tún yàtọ̀: ìdá tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ń sọ iye lámèyítọ́ tó ní fíìmù náà kò burú, kò sọ bí ó ṣe dára tó. Bí lámèyítọ́ mẹ́wàá bá wo fíìmù kan, tí gbogbo wọn ní ó ṣe díẹ̀, ìdá 100 ló máa jáde. Ti CinemaScore, àwọn tó ń jáde nínú sinimá lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń bi, fíìmù ẹ̀rù kì í sì í ríbi jókòó níbẹ̀: Hereditary ti 2018 tí àwọn lámèyítọ́ gbé gẹ̀gẹ̀ gba D+ lọ́wọ́ wọn. Àwọn Golden Raspberry tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ náà, lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn kan náà ni wọ́n fi Stanley Kubrick sára àwọn olùdarí tó burú jù nítorí The Shining. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ The Shining lónìí.

Tí ẹ bá fẹ́ bi mí: àárín rẹ̀ rọ, ìwà àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, Halloween sì dára jù ú lọ láìsí àníàní. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Betsy Palmer bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù yẹn títí dé òpin, owó ìwọlé ti wọlé padà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá ẹ̀dà tí wọn ò gé nínú rẹ̀, tí Paramount gbé jáde ní 2009; ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí ti sinimá Amẹ́ríkà, àmọ́ iṣẹ́ Savini ni wọ́n ti gé e. Kó pa iná, kó gbé fóònù sí yàrá kejì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kọ́ lóòyì, kó fi Halloween bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan.